Màmá kan, ẹni ọdún 68, fi mí sẹ́yìn nínú eré orienteering: ṣé ọjọ́ orí ni àbí orí mi ni?

Akin_Leeds

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀ o, ẹ fara dà á, inú ń bí mi ẹ̀rín náà sì ń pa mí.

Leeds ni mò ń gbé, ọdún kọkànlá rèé. Ẹni ọdún 43 ni mí, mo máa ń sáré dáadáa, 10km mi ò ju ìṣẹ́jú 46 lọ, mi ò sì níkùn. Òyìnbó kan níbi iṣẹ́ wa ló ní kí n wá bá àwọn ṣe orienteering lọ́jọ́ Sunday. Fún ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, wọ́n á fún ẹ ní máàpù àti kọ́ńpáàsì, wọ́n á ti gbé àwọn àsíá kékeré aláwọ̀ funfun àti ọsàn kalẹ̀ káàkiri inú igbó, control ni wọ́n ń pè é, wàá máa wá wọn ní ìkọ̀ọ̀kan bí nọ́ńbà wọn ṣe tò, wàá ki ike kan tó wà ní ìka ẹ bọ inú ẹ̀rọ tó wà lára ẹ̀ kó dún pí, ó di òmíràn. Kò sí ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni là sílẹ̀ fún ẹ, o fẹ́ gba orí òkè o, o fẹ́ gba etí odò o, ìwọ lo mọ̀. Ẹni tí aago ẹ̀ bá kéré jù ló jẹ.

Mo ní kí ló wà ńbẹ̀ yẹn. Mo bọ́ sígbó bí ẹtu. Control 1 wẹ́rẹ́, 2 wẹ́rẹ́. Nígbà tí mò ń kúrò ní 3, mo kọjá lára màmá kan, irun wọn ti funfun báláú, wọn ò tiẹ̀ sáré, wọ́n kàn ń rìn kánmọ́kánmọ́ ni, wọ́n ká máàpù ní kékeré sọ́wọ́ òsì, àtàǹpàkò wọn wà lójú ibi tí wọ́n dé gan-an. Mo kí wọn, mo fò wọ́n kọjá, kódà àánú wọn ṣe mí díẹ̀. Mo dé ibi tí mo rò pé 4 wà, kò sí control. Ewéko kan wà níbẹ̀ tó ga dé àyà mi, bracken ni wọ́n ń pè é, ó ń so èèyàn lẹ́sẹ̀ bí okùn. Mo yí po yí po, mo bá ara mi lẹ́nu géètì oko màlúù kan, mo wo máàpù títí mi ò rí géètì, àṣé mo ti sá kúrò lórí máàpù pátápátá. Ìgbà tí mo fi máa rí 4, màmá yẹn ti ń bọ̀ láti 6, wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi, wọ́n ní ṣé kò sí nǹkan. Course kan náà la ṣe o. Ìṣẹ́jú 21 ni wọ́n fi jù mí. Ìgbà tí a ń mu tíì nídìí mọ́tò ni mo gbọ́ pé ẹni ọdún 68 ni wọ́n.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ ehoro wá ní ohun tó ṣe mí ni pé mo ti pẹ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀, pé nínú eré yìí ẹni tó bá ti kọjá 28 ti ń sọ̀ kalẹ̀ nìyẹn. Mo ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, màmá ẹni ọdún 68 ńkọ́? Kò rí èsì fọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ọdún mélòó gan-an ni èèyàn máa ń dé góńgó nínú orienteering? Mo fẹ́ lọ JK, eré orienteering ńlá tí wọ́n máa ń ṣe níbí ní Easter, class M40 (ti àwọn ọkùnrin ogójì ọdún sókè), ṣé kí n máa sáré sí i ni àbí kí n ti jókòó jẹ́jẹ́?

Sàńdà_Oslo

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrìn igbó o 😂 Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ kí àwọn olówe tó dé.

Eré sísá ni orienteering, ẹ má jẹ́ kí irun funfun tàn yín. Ní Norway tí mo wà yìí, àwọn tó ń gbawájú, ẹ̀rọ ni wọ́n. Kasper Fosser, 1999 ni wọ́n bí i, ó sì gba góòlù long (eré ọ̀nà jíjìn) ní World Championships ní 2021, ẹ bá mi ka iye ọdún. Matthias Kyburz ti Switzerland, òun náà ti gba góòlù àgbáyé, ó ní òun fẹ́ fi marathon dánra wò, àkọ́kọ́ tó máa sá láyé ẹ̀, Paris, April 2024, ó sá 2:07:44, ó sì bá a dé Olympics. Irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló wà nínú igbó lónìí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé àgbà mọ ọ̀nà. Atẹ́gùn tí ara lè lò nígbà tí èèyàn bá ń sáré á máa dín kù tí èèyàn bá ti wọ ọgbọ̀n ọdún, kò sí ẹni tó lè bá ìyẹn jiyàn. Èmi 24 ni mí, mo mọ̀ pé ọdún mẹ́wàá tó wà níwájú mi yìí ni tèmi, lẹ́yìn ẹ̀ màá lọ máa jẹ búrẹ́dì nídìí finish.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ pé ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, ẹ sọ ọ́, ṣùgbọ́n aago ò gbọ́ òwe.

ÌyáÌbejì_Göteborg

Sàńdà ọmọ mi, o káre. Kyburz tó o fi ṣe àpẹẹrẹ yẹn, 1990 ni wọ́n bí i. Ọdún mélòó nìyẹn ní 2024? Ìwọ fúnra ẹ lo mú ẹlẹ́rìí wá, ẹlẹ́rìí sì ti jẹ́rìí tì ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí èmi mọ̀. Annika Billstam, ará Sweden níbí, 1976 ni wọ́n bí i. Ó gba góòlù àgbáyé nínú long ní 2011, ẹni ọdún 35. Ó tún lọ gba góòlù middle (ọ̀nà àárín) ní Inverness lọ́dọ̀ yín ní Scotland ní 2015, ẹni ọdún 39! Simone Niggli ti Switzerland, góòlù àgbáyé 23 ló wà lọ́rùn obìnrin yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ló gba gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin (sprint tó kúrú jù, middle, long, àti relay tí wọ́n ń sá ní ẹgbẹ́) lọ́dún kan, 2003 nílé wọn àti 2005 ní Japan. Ó bímọ ní 2008, ó padà wá. Ó tún bí ìbejì ní 2011 (ẹ rí i pé ẹgbẹ́ mi ni), ó padà wá, ọdún 2013 ní Vuokatti ní Finland ó gba sprint, ó gba middle, ó gba long, ó wá ní ó ti tó, ó dáwọ́ dúró lọ́dún yẹn náà. 35 ló wà. Èmi lẹ́yìn ìbejì tèmi, ọdún méjì ni mo fi ń mí hẹlẹ hẹlẹ lórí àtẹ̀gùn ilé 🤣

Lọ́dún yẹn náà ní Vuokatti, Jani Lakanen ló gba long àwọn ọkùnrin, 1976 ni wọ́n bí òun náà. Tó o bá ní sprint nìkan ni ti ọmọdé, Daniel Hubmann gba góòlù sprint ní Estonia ní 2017, 1983 ni ọdún ìbí ẹ̀. Nítorí náà ẹni tó sọ pé 28 yẹn, bóyá bọ́ọ̀lù ló ń sọ.

Bọ̀dá Akin, ẹ máa lọ sí JK yín o jàre. Níbí, O-Ringen la máa ń lọ lóṣù July, eré márùn-ún lọ́sẹ̀ kan, ọmọ ọdún mẹ́wàá wà ńbẹ̀, àwọn tó ti lé ní 90 wà ńbẹ̀, gbogbo wọn ní class tiwọn. Mo ti rí bàbá kan tó fi ọ̀pá méjì rìn dé control, ó kàn án, ó dún pí, ó yọ máàpù ẹ̀ ó wò ó, ó tún gbọ̀nà. Kò sẹ́ni tó ń sọ fún un pé kó lọ sinmi.

Sàńdà_Oslo

Mọ́mì, mo dọ̀bálẹ̀. Ti Kyburz yẹn ká mi mọ́ 😅

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o. Gbogbo àwọn tẹ́ ẹ kà yẹn, wọ́n ti wà lẹ́nu ẹ̀ tipẹ́ kí wọ́n tó dé 35. Ẹsẹ̀ wọn nìkan kọ́ ló ń sáré, ọdún tí wọ́n ti fi wo máàpù náà wà ńbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Akin bẹ̀rẹ̀ ní 43. Ṣé bákan náà ni?

ỌmọỌdẹ_Perth

(Perth ti Scotland o, kì í ṣe ti Australia.)

Ìbéèrè tí Sàńdà bi yìí ló yẹ kí Akin ti bi láti ìbẹ̀rẹ̀. Àbúrò, ọjọ́ orí méjì lèèyàn máa ń ní nínú eré yìí, ti ẹsẹ̀ àti ti ojú igbó. Ti ẹsẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ látọjọ́ tí wọ́n ti bí ẹ. Ti ojú igbó, látọjọ́ Sunday tó kọjá yẹn. Ọmọ ọ̀sẹ̀ kan ni ẹ́. Màmá tó jù ẹ́ yẹn, ó ṣeé ṣe kó ti pé ogójì ọdún nínú igbó.

Mo ti pé 58. Ìgbà tí mo wà ní 38 ni mo bẹ̀rẹ̀, èmi náà sì gbọ́n lójú ara mi bíi tìẹ, torí ọdẹ ni bàbá tó bí mi, Ìjẹ̀bú-Igbó, mo rò pé igbó wà lẹ́jẹ̀ mi. Mo gbàgbé pé bàbá mi ò sáré rí nínú igbó. Tá a bá débi tí ọ̀nà ti pin, wọ́n á dúró, wọ́n á wo bí ilẹ̀ ṣe dà, wọ́n á wo apá ibi tí omi ń ṣàn sí, wọ́n á wẹ̀yìn wò kí wọ́n lè mọ bí ibẹ̀ ṣe máa rí tá a bá ń padà bọ̀. Ìgbà tí mo pé 45 ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ohun tí àwọn òyìnbó kúlọ́ọ̀bù wa ń kọ́ mi látọjọ́ yìí, òun ni bàbá mi ń ṣe.

Jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Course 5km nínú igbó tó le díẹ̀, ká ní wákàtí kan ló ń gbà ẹ́. Tí ọjọ́ orí bá gé ìdá kan nínú mẹ́wàá eré ẹ, bí ìṣẹ́jú mẹ́fà àbí méje nìyẹn. Sísọnù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí o ṣe sọnù ní 4 yẹn, ìṣẹ́jú mélòó ló jẹ? Ọdún tí mo ṣe dáadáa jù láyé mi, 49 ni mo wà. Ẹsẹ̀ mi ti falẹ̀ sí ti 40, mo mọ̀, aago ọwọ́ mi mọ̀, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú tí mò ń fi ṣìnà ti wálẹ̀ láti bíi 15 sí bíi 4 lẹ́nu eré kan. Lẹ́yìn 52 ẹsẹ̀ wá ń jẹ ju ohun tí orí ń mú wọlé lọ. Ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé ni góńgó èèyàn. Ti Niggli pàdé ní kùtùkùtù torí ó tètè bẹ̀rẹ̀, ó sì pẹ́ títí torí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò tètè já a sílẹ̀. Tìẹ ò tíì dé, kí lo fẹ́ jókòó jẹ́jẹ́ sí?

Ìbéèrè kan ṣoṣo. Mú máàpù ọjọ́ yẹn, wo àárín 3 sí 4. Àwọ̀ wo ló wà ńbẹ̀?

Akin_Leeds

Ẹ̀gbọ́n mi, mo dúpẹ́. Mo ti lọ mú un nínú báàgì, ó ti rún díẹ̀. Àárín 3 sí 4 àwọ̀ ewé ni, kì í ṣe èyí tó dúdú, onílà-onílà, ìlà tó dúró tẹ̀ẹ̀rẹ̀ tẹ̀ẹ̀rẹ̀. Lápá ọ̀tún ẹ̀ ibẹ̀ funfun. Mo rò pé àwọ̀ ewé ni igbó, funfun ni pápá, mo ní kí n gba inú igbó lọ tààrà.

ỌmọỌdẹ_Perth

Hàà hàà hàà! Ó tán.

Àbúrò, lórí máàpù orienteering, funfun NI igbó. Igbó tó mọ́, tó ṣeé sá. Pápá ni yẹ́lò. Àwọ̀ ewé ni ibi tí kò ṣeé sá, bó bá ṣe dúdú tó ló ṣe le tó, èyí tó jẹ́ onílà yẹn ni ibi tí igi ò dí ẹ ṣùgbọ́n tí nǹkan wà nílẹ̀ tó máa gbá ẹ lẹ́sẹ̀ mú, bíi bracken ẹ yẹn. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ fún ẹ pé má gba ibí, ìwọ wá gba ibẹ̀. Mo fẹ́ kó o wò ó báyìí, ṣé kò sí ìlà dúdú já-já-já tó gba inú funfun yẹn yípo dé ẹ̀gbẹ́ 4?

Akin_Leeds

Ó wà. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri òkúta kan lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan control yẹn lórí.

Ibẹ̀ ni màmá yẹn gbà. Mo rí wọn tí wọ́n yà síbẹ̀ o, mo tiẹ̀ sọ nínú mi pé wọ́n ti ṣìnà 🤦🏾‍♂️

Fẹ́mi_Fisio

Mo ti ń rẹ́rìn-ín látàárọ̀ nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Iṣẹ́ ẹsẹ̀ àti orúnkún ni mò ń ṣe nílé ìwòsàn, jẹ́ kí n fi ti ara kún un, torí Sàńdà ò parọ́ tán.

Òótọ́ ni pé agbára atẹ́gùn yẹn ń lọ sílẹ̀, ẹni tó jókòó lásán lè pàdánù bí ìdá kan nínú mẹ́wàá láàárín ọdún mẹ́wàá, ẹni tó ń ṣe tréènìn kì í pàdánù tó yẹn. Ohun tó kọ́kọ́ ń lọ ni eré àsáfẹ́ẹ́, ìfò, àti bí ara ṣe ń tètè padà bọ̀ sípò. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló ń pa àwọn ẹni ogójì ọdún tí mò ń rí. Wọ́n á sáré ní Saturday, wọ́n á tún sá ní Sunday bíi ti ọmọ ogún ọdún, Monday wọ́n ti wà lọ́dọ̀ mi, iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ ti wú. Bọ̀dá Akin, JK máa ń ju ọjọ́ kan lọ, ẹ má ná gbogbo owó yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Orí náà ní tiẹ̀. Tí ọkàn bá ń lù ju bó ṣe yẹ lọ, máàpù ò ní wọlé. Ojú á rí i, ọpọlọ ò ní mú un. Ohun tó ṣe yín gan-an nìyẹn, ẹ rí ìlà dúdú yẹn, ẹ ò kà á. Ọ̀dọ́ ló ń ṣe jù, torí ẹsẹ̀ wọn lè gbé wọn kọjá ibi tí ojú wọn kà dé.

Ní 2023 àwọn olùwádìí kan ní McMaster University ní Canada bi àwọn ẹni ọdún 18 sí 87 léèrè, àwọn tó ń ṣe orienteering ní àwọn máa ń rántí ibi tí nǹkan wà dáadáa ju àwọn tí kì í ṣe é lọ, àtàgbà àtọmọdé. Ẹnu ara wọn ni wọ́n fi sọ ọ́ o, ó sì lè jẹ́ pé ẹni tí orí ẹ̀ ti mọ̀nà tẹ́lẹ̀ ló máa ń lọ síbẹ̀, n ò ní kẹ́ ẹ tìtorí ẹ̀ ju oògùn yín nù.

Èyí tí ẹnikẹ́ni ò dárúkọ ni OJÚ. Ọdún mélòó lẹ ní ẹ jẹ́? 43. Ṣé ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í na fóònù yín jìnnà kẹ́ ẹ tó lè kà á?

Akin_Leeds

Dókítà, ẹ fẹ́ tú mi síta. Ìyàwó mi ló máa ń ka ẹ̀yìn páálí oògùn fún mi.

Fẹ́mi_Fisio

Mo mọ̀! Dígí inú ojú ló ń le, kò lè tẹ̀ mọ́ láti wo nǹkan tó sún mọ́ ọn, kò sẹ́ni tó yọ nínú ẹ̀. Máàpù 1:10,000, mìlímítà kan jẹ́ mítà mẹ́wàá. Òkúta ńlá tó ga jù yín lọ, àmì dúdú tó kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ ni wọ́n fi yà á. Ẹ wá fi í sọ́wọ́ tó ń gbọ̀n, lábẹ́ igi tó ṣókùnkùn, òjò ń kán sórí ike máàpù. Bẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀ ẹtu, ẹ ò ní rí i.

ỌmọỌdẹ_Perth

Fẹ́mi, Ọlọ́run bù kún ẹ, ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn mi lo sọ. Ojú ló kọ́kọ́ gba ìṣẹ́jú lọ́wọ́ mi, kì í ṣe ẹsẹ̀. Ọdún méjì gbáko ni mo fi rò pé mo ti ń gọ̀, àṣé n ò ríran ni.

Akin, má lọ ra gíláàsì alápá-méjì tó jẹ́ òkè ẹ̀ fún jíjìn, ìsàlẹ̀ ẹ̀ fún ìwé o. Mo rà á. Tó o bá ń sá sọ̀ kalẹ̀, ìsàlẹ̀ yẹn lo máa fi wo ilẹ̀, gbòǹgbò igi á máa rí bí òjìji, mo ṣubú lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́jọ́ kan, díẹ̀ ló kù kí eyín iwájú mi yọ. Ohun tí mò ń lò báyìí ni kọ́ńpáàsì tí wọ́n ń kì bọ àtàǹpàkò, mo so awò kékeré kan tó ń sọ nǹkan di ńlá mọ́ etí ẹ̀, màá kàn gbé e wọ orí ibi tí mo fẹ́ kà, ìṣẹ́jú àáyá méjì, mo ti gbéra. Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi kan, ojú kan ló ń fi kọ́ńtáàtì (gíláàsì kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹyinjú) kíkàwé sí, ojú kejì fún jíjìn, ó ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ bí ẹni mutí ni, ó ti wá mọ́ ọn lára. Bó o bá sì ṣe ń dàgbà, wọ́n máa ń tẹ máàpù àwọn àgbà ní 1:7,500 kó lè tóbi, kì í ṣe àánú ni wọ́n ń ṣe wá, wọ́n mọ̀ pé a máa padà wá sanwó lọ́dún tó ń bọ̀.

ÌyáÌbejì_Göteborg

Bọ̀dá Akin, oṣù wo lọjọ́ ìbí yín?

Akin_Leeds

December 27, Mọ́mì. Èyí tó ń bọ̀ yìí ni mo máa pé 44. Kí ló dé?

ÌyáÌbejì_Göteborg

Ẹ ò ní gbà gbọ́. Ọdún tẹ́ ẹ máa pé ni wọ́n ń wò nínú eré yìí, wọn kì í wo ọjọ́. Ọdún tó ń bọ̀ lẹ máa pé 45, àbí? Bí December ẹ̀ ò tilẹ̀ tíì dé, láti January 1 ẹ ti di M45. Ẹni ọdún 44 àti ọjọ́ márùn-ún láàárín àwọn tó ń lọ sí 50! Níbí, èèyàn á ti máa ka ọjọ́ sí i látọdún tó ṣáájú, wọ́n á ní mo ti fẹ́ di 45 mo ti fẹ́ di 50, bí ẹni ń retí àjẹmọ́nú. Ibòmíì wo lẹ ti rí àgbà tó ń sáré wọ ọjọ́ orí?

Sàńdà_Oslo

Ẹ wá ní kí n má lọ jẹ búrẹ́dì mọ́ 😂😂 ọdún mọ́kànlá ló kù kí n di M35, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

Akin_Leeds

JK tó ń bọ̀ yìí ti wá di ti ojú mi. Mo ti pe ilé ìtọ́jú ojú, Thursday ni wọ́n fún mi. Sunday tó ń bọ̀ eré wà nínú igbó kan náà, mo ti bi òyìnbó yẹn níbi iṣẹ́, ó ní màmá yẹn ń bọ̀. Mi ò ní bá wọn du nǹkan kan. Mo kàn fẹ́ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n rìn lẹ́yìn wọn, kí n wo ibi tí wọ́n máa ń dúró sí.